Ihò Lílu Tí Ó Tún Mustang Àtijọ́ Ṣe
Nínú gbogbo àtúnṣe olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe sí Ford Mustang ọdún 1965 àti 1966, èyí tí ìyìn tọ́ sí jù lọ kò ju ihò lílu lọ. Klaus Arning, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Ford, ni ó ṣírò rẹ̀, Carroll Shelby, tí ó ń sọ Mustang di ọkọ̀ eré-ìje, sì lò ó fún GT350, Mustang tirẹ̀ ti ọdún 1965: wọ́n sọ ápà áàmù, ìyẹn irin apá òkè tí ó di ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ mú, kalẹ̀ ní nǹkan bí íńṣì 1, nípa lílu ihò tuntun méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí táyà iwájú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde lè dúró ṣánṣán lórí títì nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, dípò kí orí rẹ̀ máa dà síta. Owó àláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo igun táyà padà, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìnáwó rẹ̀. Àṣejù sì ni kí ènìyàn ti ra táyà ńláńlá kí ó tó ṣe èyí.

Bíréèkì kò ṣeé fojú di, nítorí pé másítà rẹ̀, àgbá kékeré tí ó ń ti òróró lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ oníyàrá kan ṣoṣo títí di àwòṣe 1967, débi pé bí páìpù kan bá bẹ́, gbogbo bíréèkì lè lọ. Oníyàrá méjì ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ti kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì, ojú irin méjì tí ń pàdé tí ń ṣí kí iná lè dé pílọ́ọ̀gì, abẹ́ ìdérí dìsìtíríbútọ̀, ìyẹn ohun tí ó ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì, ni arọ́pò rẹ̀ alámágínẹ́ẹ̀tì máa ń fara pamọ́ sí, tí ẹni tí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò fi ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.