Ihò Mẹ́rin Lára Ikùn

Nílé wa ní Lálúpọn, màmá mi kì í jẹ́ kí ọmọdé yọ òróòro adìẹ. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń jókòó ti abọ́, wọn a fi àtàǹpàkò ti ẹ̀dọ̀ sẹ́yìn, wọn a wo ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn kí ọ̀bẹ tó débẹ̀. Bó bá lẹ̀ jù, wọn a gé ẹ̀dọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Ó sàn kí ẹ̀dọ̀ dínkù ju kí ọbẹ̀ korò lọ.

Iṣẹ́ yẹn náà ni mò ń ṣe lónìí, lára ènìyàn. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, abẹ́ ìhà ọ̀tún la máa ń là gbọọrọ. Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ la ikùn yọ àpò òróòro, ní Berlin lọ́dún 1882. Ọ̀nà náà ń woni sàn, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ru ẹ̀gẹ́ wá sọ́jà Mọ́níyà, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lè gbé agbọ̀n. Ní báyìí, ihò mẹ́rin ni mò ń lu: ti kámẹ́rà ní ìdodo, ọ̀kan lábẹ́ egungun àyà, méjì lábẹ́ ìhà. Erich Mühe ará Jámánì ló kọ́kọ́ gba ojú ihò yọ òróòro, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹnu àtẹ́ lù ú. Ó di 1992 kí wọ́n tó yẹ́ ẹ sí.

Àwọn kan ń fi ihò mẹ́ta ṣe é, mo gbà fún wọn bọ́wọ́ wọn bá já fáfá. Àwọn mìíràn ń kó gbogbo irinṣẹ́ gba ìdodo nìkan kí àpá má baà hàn. Èyí ni n kò fẹ́. Irinṣẹ́ á máa gbá ara wọn, ojú ìdodo á fẹ̀, ìfun sì lè yọ gba ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Kí n ríran ni mò ń wá. Ihò kẹrin la fi ń gbé àpò òróòro sókè, tí n ó fi rọra máa ṣí ọ̀rá kúrò, títí yóò fi ku ohun méjì péré tó wọnú rẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ kan, ọ̀nà òróòro kan. Bí n kò bá rí méjèèjì gedegbe, n kò gé nǹkan kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ẹgbẹ́dá, fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn náà, tó ń fọ́ ṣáá, ló ń di òkúta sínú àpò òróòro. Gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, n kò rí ohun méjì kankan. Mo rántí màmá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ènìyàn kì í ṣe ohun à ń gé dànù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ara àpò náà ni mo fi sílẹ̀ díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀, mo kó òkúta inú rẹ̀ jáde, mo sì dì í.

Ìyá rẹ̀ da òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. "Dókítà," ni wọ́n wí, "mo rò pé ìyèré ni."