‘Sọ̀rọ̀ Sókè’: Ọ̀wọ̀ àti Àfojúdi Nínú Èdè Ìfẹ̀hónúhàn

Nígbà ìfẹ̀hónúhàn EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ‘Sọ̀rọ̀ sókè’ gbilẹ̀ lórí Twitter, tí à ń pè ní X báyìí. ‘Soro soke’ ni ọ̀pọ̀ tẹ̀ sórí fóònù. Àjèjì lè kà á sí ‘ṣòro’. Ìyẹn dun olùkọ́ èdè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí ó jẹ wá lógún ni ‘ẹ’ ọ̀wọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fi ‘wèrè’ kún un! Àfojúdi ni lójú àgbà. Lójú tiwa, bí a bá dá ‘ẹ’ padà, gbólóhùn náà súnmọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá SARS ń lù, tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n gbé dání, kò wá bẹ ẹnikẹ́ni.