Ẹnu Elégbè: Bí Ìtàn Ṣe Ń Mọ Ọkàn Ènìyàn, láti Inú Àlọ́ dé Inú Fíìmù

Nínú ìtàn tí ọmọdé gbọ́, kí ló ń wọ̀ ọ́ lọ́kàn gan-an? Èsì tó wọ́pọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ìparí ni. Bí ọ̀dájú bá ti jìyà lópin ìtàn, a ó ní ìtàn náà dára fún ọmọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìtàn bá pẹ́ sí, àti ọ̀rọ̀ tó bá fi sí olùgbọ́ lẹ́nu, ni ó ń mọ ọkàn rẹ̀. Àlọ́ àpagbè, bí wọ́n ṣe ń pa á ní Ìwàré àti ní àwọn ìlú Afijió yòókù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bíi Fìdítì àti Ìlọrà, ni màá fi ṣe ẹ̀rí. Fíìmù òògùn owó ni màá sì gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìlú àgbẹ̀ ni àwọn ìlú Afijió wọ̀nyí. Ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó Fìdítì kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Nítorí iṣẹ́ oko, alẹ́ ni wọ́n ń pa àlọ́. Èèwọ̀ ni lọ́sàn-án. Àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń ṣáájú. Ọmọ tó ti kó àárẹ̀ oko wálé yóò kọ́kọ́ fi ọpọlọ já àlọ́ mélòó kan, ojú rẹ̀ yóò là, kí àpagbè tó dé. Bí àpagbè bá sì dé, kì í ṣe apàlọ́ nìkan ló ni ín. Láìsí elégbè, ìyẹn àwọn ọmọ tó ń gbe orin, orin kò lè lọ. Bí orin kò bá lọ, ìtàn dúró.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀kan wò fínnífínní, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Alugbinrin. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Lójú ọ̀nà, ọbẹ̀ ń ta sánsán, ọ̀kánjúà gbé Ìjàpá, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí ọ̀pọ̀ apàlọ́ ṣe ń pa á, kíá ni wọ́n ń débí yìí. Orin ni wọ́n ń fà gùn. Ìjàpá padà tọ babaláwo lọ, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orin náà, kò dárúkọ ọ̀kánjúà rárá. Ó ní gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, tí ọwọ́ òun fi kan ọbẹ̀, tí ó sì ti ibẹ̀ kan ẹnu.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọnà àlọ́ náà wà. Apàlọ́ ti sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ, orin wá gbé irọ́ dé. Àwọn elégbè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ẹnu tiwọn gan-an ló ń gbe ẹ̀bẹ̀ Ìjàpá. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ó ń parọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbà kankan kò ní kí wọ́n wo irọ́. Etí ara wọn ni wọ́n fi mú un. Ọmọ tó bá gbe orin yìí lálaalẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń dá ẹjọ́ ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe wá. Àwáwí ni orin náà pẹ́ sí. Bí a ṣe ń dá àwáwí mọ̀ ni ọmọ sì mú lọ.

Ní ọdún 2010, Greg Stephens, Lauren Silbert àti Uri Hasson ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó bá ọ̀rọ̀ elégbè yìí mu. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ ẹni tó ń sọ ìtàn wò, wọ́n sì yẹ ti àwọn tó gbọ́ ìtàn náà. Ọpọlọ olùgbọ́ ń tẹ̀lé ti olùsọ. Níbòmíràn, ó tilẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀. Àwọn tí tiwọn ń ṣáájú jù ni ìtàn náà yé jù. Àwọn apàlọ́ wa kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi ègbè ṣe nìyẹn: elégbè gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohùn fẹ́ kan òun kí ó tó kàn án.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ìtàn ti ń wọ ilé láti ojú ẹ̀rọ tí kò dúró gba ègbè. Lẹ́yìn náà ni fíìmù àgbéléwò gbòde. Living in Bondage, fíìmù Igbo tó jáde ní 1992, tó ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ìyókù, dá lé ọkùnrin tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣètùtù owó. Àwọn onífíìmù Yorùbá náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá bi wọ́n, wọn á ní ẹ̀san ń ké lópin fíìmù àwọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín àkókò: mọ́tò bọ̀gìnnì, ilé alájà, òde àríyá tí wọ́n ti ń náwó ní ìnákúnàá, gbogbo rẹ̀ gùn, wèrè àti ikú ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pẹ́. Owó náà ni ojú ọmọ pẹ́ sí. Kò sì síbi tí ẹnu rẹ̀ ti ráyè.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ tó ń pààyàn ṣòògùn owó gbòde, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò kéde ìlànà tuntun láti dí àwòrán òògùn owó lọ́wọ́ nínú fíìmù. Mi ò lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n òfin kò lè fún ọmọ ní ẹnu tí ìtàn ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fíìmù lè fún un. Túndé Kèlání ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ agbègbè Ọ̀yọ́ níbí, ló ṣe Ọ̀pálábá, àgbà tó ń fi orin àti òwe sọ òótọ́ fún Lápitẹ́, ọba Jogbo tó kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀. Ọ̀pálábá ni elégbè inú fíìmù náà. Ó ń dúró, ó ń yẹ ìwà ọba wò, òwe rẹ̀ sì di ohun tí àwọn òǹwòran ń tún sọ lẹ́nu. Owó àwọn agégẹdú wọ ààfin Lápitẹ́, àmọ́ Kèlání kò jẹ́ ká jókòó síbẹ̀ gbádùn rẹ̀. Ìrora àwọn ará Jogbo ló fà gùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin onífíìmù, ẹ má fi ìparí nìkan wọn iṣẹ́ yín. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí ẹ fún owó àti iye tí ẹ fún oró rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí ní Ìwàré àti káàkiri Afijió, bí ọmọ bá ń wo fíìmù lórí fóònù, ẹ jókòó tì í. Ẹ dá a dúró lágbedeméjì, kí ẹ bi í pé: ta ló ń parọ́ níbí, báwo lo sì ṣe mọ̀? Ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀ kí fíìmù tó máa lọ.