Ẹni Tó Di Kámẹ́rà Mú

Bí ọ̀rọ̀ sinimá bá délẹ̀, orúkọ Edison ni ẹnu wa máa ń kọ́kọ́ mú. Èmi ò bá Edison jà o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.

Kámẹ́rà tí òun àti William Dickson, ọmọṣẹ́ rẹ̀, ṣe ní Amẹ́ríkà, iná mànàmáná ló ń yí i, ó sì wúwo débi pé kò ṣeé gbé káàkiri. Ní 1893 wọ́n parí ilé kan fún un ní West Orange, wọ́n sì gbé ilé náà lé ojú irin kí ó lè máa yí tẹ̀lé oòrùn. Oníjó ni o, alágbára ni o, àní ẹni tó fẹ́ sín pàápàá, inú ilé yìí ni wọ́n ti ń wá bá kámẹ́rà, bí ẹni lọ kí ọba láàfin. Bí wọ́n bá sì ya fíìmù tán, ẹnì kan ṣoṣo ló lè yọjú wò ó nínú àpótí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá wo ti àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ní Lyon nílẹ̀ Faransé, ní 1895. Kámẹ́rà tiwọn kò ju bíi kílò 5 lọ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí i. Ara maṣíìnì ìránṣọ ni Louis ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Bí maṣíìnì ṣe ń fa aṣọ, tí á dúró kí abẹ́rẹ́ gún un, tí á tún fà á, bẹ́ẹ̀ ni ìka irin ń ki bọ ihò etí fíìmù, á fà á, á sì dá a dúró kí ìmọ́lẹ̀ bà á, bíi ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpótí kan náà ló ń ya àwòrán, tó ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀, tó sì ń tàn án sára aṣọ funfun kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ wò ó. Kí 1897 tó parí, ó ti dé Rọ́ṣíà, Íjíbítì àti Japan. Kámẹ́rà kan ní kí ayé wá bá òun. Èkejì dìde lọ bá ayé. Èkejì ni mo yìn.

Ṣùgbọ́n n ò ní torí ìyìn gbé ẹ̀sùn mì. Kí ni fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi kámẹ́rà yìí yà? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde ní ilé iṣẹ́ Lumière ni. Ọ̀gá wọn ló sì ń yà wọ́n! Ẹ̀dà mẹ́ta ló wà, ìyẹn ni pé wọ́n jáde lójú kámẹ́rà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A rí aṣọ wọn, a rí ajá tó ń sáré láàárín wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú ilé ńkọ́? Owó tí wọ́n gbà ńkọ́? A ò rí i.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Lónìí, kámẹ́rà inú fóònù wa fúyẹ́ ju ti Lumière lọ fíìfíì, ìbéèrè náà ò sì tíì kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ń wo àwòrán, ẹ má wo ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan. Ẹ bi ara yín pé: ta ló di kámẹ́rà mú?