Amọ̀ Ni Í Bá Amọ̀ Ṣe

Ní Èjìgbò, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bíríkìlà kan mọṣẹ́, kó má wulẹ̀ wo ilé tuntun tó kọ́. Búlọ́ọ̀kù tuntun kì í bá èèyàn jiyàn: bí okùn bá ti gún, tí síméńtì inú rẹ̀ sì pé, yóò dúró. Kó lọ wo ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri amọ̀ tí bàbá àgbà ẹnì kan mọ, tí omi ti jẹ nídìí, tó sì ti lanu láti òkè dé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò tíì tán nílùú, kò sì tíì tán ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Máṣífà àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Èjìgbò ti ń rìn lọ sí Côte d'Ivoire, débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ló gbọ́ Faransé dáadáa, tí ọkọ̀ sì ń gbéra láti Èjìgbò lọ tààrà sí Àbíjàn. Owó ibẹ̀ ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé búlọ́ọ̀kù àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà nílùú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ́ tirẹ̀ tán sí ìgboro tuntun, ilé bàbá rẹ̀ ṣì wà láàárín agboolé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wó o: ibẹ̀ ni wọ́n sin àwọn àgbà sí, ibẹ̀ ni ẹbí ń pàdé sí nígbà ìnáwó, ibẹ̀ sì ni ìyá àgbà ń gbé. Ọmọ á ní kí wọ́n tún un ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni síméńtì.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ògiri amọ̀ a máa mu omi láti ara òjò àti láti inú ilẹ̀, a sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ràn. Bó bá mu omi, á wú díẹ̀. Bó bá gbẹ, á súnkì. Síméńtì kò mọ ìyẹn. Ó le, kì í bá ògiri wú, kì í bá a súnkì, kì í sì í jẹ́ kí omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi síméńtì rẹ́ ilé alámọ̀, yóò kọ́kọ́ dùn ún wò. Nígbà tó bá yá, omi tó há sáàárín á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ amọ̀ inú di ẹrọ̀fọ̀, síméńtì á ya kúrò lára ògiri, á sì já lulẹ̀ ní ègé ńlá ńlá pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Onílé á ní bíríkìlà lu òun ní jìbìtì, pé síméńtì tó lò kò tó. Á tún náwó kí wọ́n fi èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹ́ ẹ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn.

Bàbá bíríkìlà kan wà nílùú tí mo fẹ́ràn láti máa wo ọwọ́ wọn. Bí aráalé bá ránṣẹ́ pè wọ́n síbi ògiri tó lanu, ojú ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á yí ilé náà ká. Wọ́n á wo etí òrùlé, wọ́n á wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ níbi tí omi páànù ti gbẹ́ kòtò tóóró, wọ́n á sì fi igi wọn bí kòtò náà ṣe súnmọ́ ìpìlẹ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa fi ẹ̀yìn ìka kan ara ògiri láti ìdí lọ sókè, tí wọ́n á tẹ́tí sí i. Ibi tí ìró rẹ̀ bá wúwo, síméńtì àti amọ̀ ṣì di ara wọn mú níbẹ̀. Ibi tí ìró rẹ̀ bá fi hàn pé inú ti ṣófo, wọ́n á fi èédú fa ilà yí i ká. Ibi tí èédú yí ká nìkan ni wọ́n máa ń hú. Wọn kì í ní kí wọ́n hú gbogbo ilé kí owó iṣẹ́ lè pọ̀.

Ara ilé náà ni wọ́n ti máa ń wá amọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò. Èyí tó wó lulẹ̀ ni wọ́n á kó jọ, wọ́n á lù ú, wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ dànù, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni wọ́n máa lò ó. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó sùn, títí gbogbo ògúlùtu inú rẹ̀ á fi yọ́. Koríko ni kì í jẹ́ kó sán nígbà tó bá ń gbẹ. Ìdí tó sì fi jẹ́ amọ̀ ilé náà gan-an ni wọ́n ń fẹ́ ni pé bí ti àtijọ́ bá ń wú, tuntun náà á máa bá a wú. Bó bá ń súnkì, wọ́n á jọ súnkì ni. Kò ní sí ìjà láàárín wọn.

Ojú ibi tó lanu ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti hàn jù. Bíríkìlà tó ń kánjú á na amọ̀ lé ẹnu rẹ̀, á fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó bùṣe. Bàbá yìí á tún un là sí i. Wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ kó fẹ̀ ju ẹnu lọ, kí amọ̀ tuntun lè há síbẹ̀, kó má lè yọ. Wọ́n á gbá eruku inú rẹ̀ kúrò. Wọ́n á ti ìgbálẹ̀ bọ omi, wọ́n á wọ́n ọn sí i, wọ́n á dúró kí ògiri mu ún, wọ́n á tún wọ́n ọn: bí ògiri bá gbẹ, yóò fa omi ara amọ̀ tuntun mu kó tó lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà náà ni wọ́n á bu amọ̀ ẹ̀kúnwọ́, wọ́n á sọ ọ́ wọnú rẹ̀ tagbáratagbára, wọ́n á fi àtàǹpàkò kì í mọ́lẹ̀, wọ́n á ti àpáàdì bọ àárín, wọ́n á tún sọ òmíràn lé e. Àpáàdì kì í súnkì. Bó bá ṣe pọ̀ tó nínú ihò ni amọ̀ tó máa súnkì ṣe kéré tó. Wọn kì í dí i tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n á jẹ́ kí ti inú gbẹ, kó sán bó bá fẹ́ sán, kí wọ́n tó fi tẹ́ẹ́rẹ́ ìkẹyìn rẹ́ ojú rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, aláǹgbá á wá ibòmíràn gbà lọ.

Síméńtì kì í ṣe ọ̀tá wọn o. Ìta, ní ìdí ilé, ni wọ́n ń lò ó sí. Wọ́n á to òkúta sínú kòtò tí omi páànù gbẹ́, wọ́n á da kọnkéré lé e, wọ́n á sì jẹ́ kó rọ sísàlẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògiri, kí omi lè ṣàn lọ dípò kó máa ta sí i lára. Ìyẹn ni ìwòsàn ilé náà. Bí wọn ò bá ṣe é, òjò ọdún tó ń bọ̀ á tún la ibi tí wọ́n dí.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló mọ èyí. Ní Djenné, lórílẹ̀-èdè Mali, mọ́sálásí ńlá tí wọ́n tún kọ́ ní 1907 ṣì dúró nítorí pé ọdọọdún ni ìlú ń tú jáde láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, tí àwọn ọ̀gá bíríkìlà sì ń darí wọn. Ní 1988, àjọ UNESCO ka ìlú náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó ka rírẹ́ ọdọọdún yẹn sí àléébù ilé náà.

Káfíńtà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni páànù àtijọ́ sábà máa ń lu sí. Omi á gba ihò ìṣó wọlé, á bá abẹ́ páànù tàbí igi òrùlé rìn, á wá kán sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kejì. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á gun àjà lọ́sàn-án gangan, á ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí inú lè ṣókùnkùn, á sì máa wo ibi tí oòrùn ti ń yọjú. Ibi tó bá ti rí i, á ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gba ihò náà jáde. Bó bá wá gun orí òrùlé, kò ní máa fọwọ́ wá ihò kiri. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tó nàró lórí páànù á ti júwe ibẹ̀ fún un. Nígbà mìíràn, ìṣó ló ti tú. Nígbà mìíràn, ẹni tó kan páànù náà ló kan ìṣó sí kòtò rẹ̀ níbi tí omi ń gbà, dípò kó kàn án sí orí gegele. Á yọ ìṣó yẹn, á dí ihò rẹ̀, á kan tuntun síbi tó yẹ, á sì fi rọ́bà tíúbù tó gé róbótó sábẹ́ orí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ fọganáísà ni wọ́n ti ń gba rọ́bà yẹn.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni òògùn ikán ti ń wá. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n bá tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ni káfíńtà fi ń kun orí igi tó wọnú ògiri, torí ibẹ̀ ni ikán ti ń wọlé. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tẹ̀lé ọ̀nà amọ̀ tí ikán là sára ògiri títí dé ìsàlẹ̀, á wó o, á sì mọ igi tó kàn án kó tó kun ohunkóhun. Kì í sì í da ìyókù sílẹ̀ nítòsí kànga, nítorí oró ni.

Bó bá wá kan ọkọ̀ àtijọ́, Peugeot 504 ni ìdánwò. Ní 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Láti 1975 sì ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà, tí 504 fi di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ olówó àti ọkọ̀ èrò. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ tó máa sọ ohun tó ń ṣe é. Ojú, etí àti imú ni mẹkáníìkì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí èéfín rẹ̀ bá dúdú, epo tó ń mu ti pọ̀ jù. Bó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀gá tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló jẹ́ pé tẹmosítáàtì, irin kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi lọ sí rẹdíétọ̀, ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ sọnù láìbi í ní nǹkan kan. Ọ̀gá yìí á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, á ṣí ìdérí rẹdíétọ̀, á ní kí ọmọ iṣẹ́ ṣíná ọkọ̀. Bí omi bá ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀ nígbà tí kò tíì gbóná, afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń gba tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì wọnú omi. Á fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá ti di tíì onímílíìkì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá rí méjèèjì, ìgbà yẹn ló máa tú tẹmosítáàtì. Á fi okùn so ó, á jù ú sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, kò ní jẹ́ kó fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìda wà nínú irin kékeré náà. Bí omi bá gbóná, ìda á yọ́, á wú, á sì ti ẹnu rẹ̀ ṣí. Bó bá ṣí kí omi tó hó, tó sì padé nígbà tí wọ́n gbé e jáde tó tutù, kò jẹ̀bi. Á dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, á máa jẹ epo, irin inú rẹ̀ á sì tètè jẹ. Yóò wá kọjú sí rẹdíétọ̀ tí ìdọ̀tí omi kànga ti dí, á fi omi tì í láti ìsàlẹ̀ wá sókè, lòdì sí ọ̀nà tí omi ń gbà nínú rẹ̀, títí omi tó ń jáde á fi mọ́.

Ohun tó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ mọ ìwà ohun tó wà níwájú wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àwa tí à ń gbéṣẹ́ fún wọn ni kò fẹ́ san owó àyẹ̀wò. Owó síméńtì, owó páànù, owó pàátì, a ó san án; owó wákàtí tí bàbá fi yí ilé ká, a ó ní kí ni wọ́n ṣe? Ìdí nìyẹn tí ọmọ iṣẹ́ fi ń yára kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ nǹkan ju bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ.

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò kì í pẹ́ dé lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun àjà ní oṣù Kejì, kí bíríkìlà sì dí ògiri nígbà tí amọ̀ ṣì lè gbẹ. Bí ẹ bá pe bíríkìlà sí ilé bàbá yín, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í: ibo ni omi ń gbà wọlé? Bó bá dáhùn kó tó yí ilé náà ká, ẹ wá ẹlòmíràn.