Ta Ló Bi Ọmọ Náà Léèrè?

Ẹ̀yin jamáà, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò dùn, àwa àáfà ló sì kọ́kọ́ kàn: fífi ọmọdébìnrin fọ́kọ ní àwọn abúlé wa, láti agbègbè Òṣogbo títí wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Àwọn kan á ní ti ará Òkè-Ọya nìyẹn. Lóòótọ́, tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí tiwa ṣe ń rìn. Lábúlé kòkó, ọmọ á ka ìwé mẹ́fà tán, owó sẹ́kọ́ńdírì á di àríyànjiyàn. Bó bá ti ń yọmú, ìyá á ní, "Ẹ jẹ́ kó tètè lọ kó tó gboyún wálé." Ẹ̀rù ìtìjú ni, ẹ̀rù àtijọ́ tí wọ́n fi ń fi páálí ìṣáná tí kò kún ránṣẹ́ sí òbí ìyàwó tí wọn kò bá nílé. Gbèsè náà ń bẹ níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó yáwó sórí kòkó tí kò tíì pọ́n, tí ọkùnrin kan bá a san án, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé òun kò fún un lọ́mọ? Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló mọ bí gbèsè ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni.

Ẹni tó bá ní àṣà àwọn bàbá wa ni, kó lọ wo ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921. Ó ní láyé àtijọ́, obìnrin kì í sábà wọlé ọkọ kó tó tó ọmọ ogún ọdún. Wọ́n ń tọrọ ọmọ láti kékeré lóòótọ́, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ìtọrọ, ọ̀tọ̀ ni ìgbéyàwó.

Ti ẹ̀sìn wá ńkọ́? Ibi tí inú ti ń bí mi nìyí. Màlíkì la pe ara wa. Nínú Màlíkì, a kì í so yìgì fún obìnrin tó lóyún àgbèrè títí yóò fi bímọ. Àáfà tó so ó lórí oyún oṣù mẹ́rin, ìwé wo ló tẹ̀lé? Wọ́n á tún ní bàbá ní agbára láti fi wúńdíá ọmọ rẹ̀ fọ́kọ láìbi í. Ó wà nínú ìwé, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà kò jẹ́ kí ọkọ wọlé tọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó rọbí lọ́jọ́ mẹ́ta lábúlé tí kò sí dókítà, tí ìtọ̀ wá ń jò lára rẹ̀ láìdá, ṣé ara rẹ̀ gbà á?

Àwọn tó sì ń fi Ìyá wa Àíṣà (RA) ṣe àwíjàre, hadíìsì tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá lé ní 2,000, àwọn àgbà sàhábà ń lọ bi í ní ìbéèrè. Ilé tí ọmọ tiwa ń wọ̀, kí ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀?

Hadíìsì tó ní ìdákẹ́ wúńdíá ni ìyọ̀ǹda rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Ànábì (SAW) ní ká kọ́kọ́ bi í ná. Níbi yìgì tiwa, wọ́n á bi bàbá, wọ́n á bi ọkọ, wọ́n á ka sàdáàkì. Ọmọ ń bẹ ní yàrá, wọ́n ń wé gèlè fún un. Ẹni tí a kò bi, ìdákẹ́ wo ló dá? Khansā’ bint Khidām, tí bàbá rẹ̀ fún ní ọkọ tí kò fẹ́, lọ bá Ànábì fúnra rẹ̀, Ànábì sì tú yìgì náà ká. Òun ti lọ́kọ rí, ó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Èyí tí a tọ́ pé kó má gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ta ni yóò lọ bá?

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2007, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í sí níbi yìgì abúlé. Àáfà ló ń wà níbẹ̀. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin lémọ́mù: kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ rán ìyá àgbà méjì nínú àwọn alásàláátù sí ọmọ náà ní yàrá, kí bàbá àti ọkọ má sí níbẹ̀. Kí wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́. Bí kò bá tíì tó, tàbí tó bú sẹ́kún, ẹ ká ẹní yín, kẹ́ ẹ máa lọ sílé.