Fọ́tò Kì í Ké: Lámèyítọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Mọ Ẹyẹ ní Kétu, Ṣábẹ́ àti Àjàṣẹ́

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé fọ́tò ẹyẹ kan lọ bá bàbá ọdẹ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu, inú wa dùn sí àwòrán náà. Ó mọ́ kedere. Ojú ẹyẹ náà, ìrù rẹ̀ àti ọ̀já dúdú tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ hàn ketekete. Bàbá gba tẹlifóònù, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà. Wọ́n ní, "Àdàbà ni. Ṣùgbọ́n àdàbà wo? Báwo ló ṣe ń ké?" A kò mọ̀. Wọ́n tún bi wá bóyá orí igi ni a ti rí i tàbí nílẹ̀ nínú oko, bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́. A kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Wọ́n dá tẹlifóònù padà fún wa bí ẹni tó ń dá àwo òfìfo padà.

Ìbéèrè bàbá yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Láti ìgbà tí tẹlifóònù tó ní kámẹ́rà ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́, àgbẹ̀ àti àwọn zémíján pàápàá ti ń ya ẹyẹ, ọ̀bọ àti alángbá, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn pé, "Kí ni orúkọ èyí?" Ohun rere ni. Ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ohun tí mo ń bá jà ni ìdáhùn tó ń tẹ́ wa lọ́rùn.

Ẹ wo iNaturalist, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń lọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá sílẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní 2008. Ẹni tó ya àwòrán yóò sọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí ẹ̀dá náà. Àwọn ẹlòmíràn yóò sọ irú ẹ̀dá tó jẹ́. Bí ó bá ju ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn lọ tí ohùn wọn ṣọ̀kan, àwòrán náà di ohun tí àwọn onímọ̀ lè lò fún ìwádìí. Ètò tó dára ni, nítorí ẹni tí kò bá gbà lè sọ pé òun kò gbà. Ṣùgbọ́n orí orúkọ Látìnì ni wọ́n ti ń ṣọ̀kan. Orúkọ Yorùbá kò sí nínú ìbò yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a máa ń wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, láti inú ìwé atúmọ̀-èdè tàbí láti inú ohun tí a rántí ní kíláàsì. Ibẹ̀ gan-an ni èké ti ń wọlé.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kín yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ní kí ọmọ ilé-ìwé kan ní Àjàṣẹ́ fi àwòrán ọ̀kín hàn yín, ẹyẹ ńlá aláwọ̀ búlúù tó ń na ìrù bí abẹ̀bẹ̀ ni yóò gbé jáde. Ìhà Íńdíà ni ẹyẹ yẹn ti wá. Ìbátan rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Áfíríkà, inú igbó Kóńgò ló ń gbé, ọdún 1936 sì ni James Chapin tó kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹyẹ wo wá ni àwọn baba wa ń pè ní ọ̀kín, tí wọ́n fi ń ki ọba? Èmi fura sí ẹyẹ kékeré kan tí akọ rẹ̀ máa ń wọ́ ìrù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ewé, èyí tí Látìnì ń pè ní Terpsiphone viridis. Mo lè ṣì í. Àmọ́ ta ni yóò tún wá a, nígbà tí fọ́tò ẹyẹ Íńdíà ti jókòó sórí orúkọ náà, tí ó mọ́, tí ó sì dára lójú?

Ọ̀rọ̀ àdàbà tún yàtọ̀. Streptopelia semitorquata àti Streptopelia vinacea, àwọn méjèèjì ló ní ọ̀já dúdú lẹ́yìn ọrùn, àwọn méjèèjì ló sì wà ní ilẹ̀ Benin. Fọ́tò tí oòrùn bá ti bàjẹ́ díẹ̀ lè mú kí a pe ọ̀kan ní èkejì. Ẹni tó bá mọ igbe wọn kò ní ṣì wọ́n pè. Àwọn ẹyẹ kéékèèké inú koríko tí Látìnì ń pè ní Cisticola jọra débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fi igbe sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ: èyí tó ń súfèé, èyí tó ń dún bí ọ̀pọ̀lọ́. Ohun tí àwọn ará wa ṣe fún kannakánná náà nìyẹn. Ẹ wá wo kowéè, tí gbogbo ilé mọ igbe rẹ̀ lóru, tí àyà sì ń já nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tó lè nàka sí i lórí igi ṣọ̀wọ́n. Àwòrán wo ni a fẹ́ fi dá a mọ̀? iNaturalist ń gba ohùn tí a gbà sílẹ̀ bí ó ṣe ń gba fọ́tò. Àwa ni a kì í fi í ránṣẹ́.

Ibì kan ṣoṣo wà tí mo ti ń fẹ́ kí a dín ọ̀rọ̀ kù. Igún kékeré tí Látìnì ń pè ní Necrosyrtes monachus ti wà láti 2015 lára àwọn ẹyẹ tó súnmọ́ àkúrun jù lọ láyé, bẹ́ẹ̀ ni orí àti ẹ̀yà ara igún sì jẹ́ ọjà fún àwọn tó ń ta èèlò ìṣègùn. iNaturalist máa ń bo ojú ibi tí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wà. Fọ́tò tó ń ti tẹlifóònù kan bọ́ sí òmíràn kò bo nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ìtẹ́ igún pé orí àràbà ẹ̀yìn ilé-ìwé ni, ó sì dárúkọ abúlé. A ní kó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti dé ọ̀dọ̀ ogójì ènìyàn.

Nítorí náà, fún àwọn àwòrán tí ẹ̀ka wa ń kó jọ, mo dábàá pé kí a kọ orúkọ tí a gbọ́ lẹ́nu ará ìlú sílẹ̀ kí a tó wá ti Látìnì, kí a sì kọ ìlú tí a ti gbọ́ ọ, nítorí ohun tí Kétu ń pe ẹyẹ kan lè má jẹ́ ohun tí Ṣábẹ́ ń pè é, ká má tíì dárúkọ àwọn Ifẹ̀ ti Atakpamé ní Tógò. Bí ará Kétu àti ará Ṣábẹ́ kò bá gbà fún ara wọn, kí a kọ àwọn méjèèjì. Kí a gba ohùn ẹyẹ náà sílẹ̀, kódà bí afẹ́fẹ́ bá ń pariwo nínú rẹ̀.

A padà lọ bá bàbá ọdẹ lẹ́yìn oṣù méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ni a gbé lọ, kò tó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí ilé ìdáná, wọ́n pe ìyàwó wọn pé kó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kó wá gbọ́.